Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ìwé Nọ́ọ̀sì

Ẹ ti mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí iṣẹ́ bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí. Ara èèyàn á wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á ti délé, á ti bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún Nọ́ọ̀sì Mildred lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ìlútítun.

Òjò ti ṣú. Lucas ọlọ́kadà, tó máa ń gbé Mildred dé gáréèjì, ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu géètì. Mildred dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó wá báàgì rẹ̀ yí wọ́ọ̀dù ká, àṣé èjìká ara rẹ̀ ló gbé e kọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kó kọ ìròyìn iṣẹ́ òwúrọ̀ sínú ìwé ńlá orí tábìlì, kí Nọ́ọ̀sì Eunice tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan dé.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni Mildred kórìíra jù. Kó gbẹ̀bí, kó gúnni lábẹ́rẹ́, kó fi ọ̀rọ̀ ìtùnú rẹ aboyún tó ń rọbí lẹ́kún, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kó jókòó ti bírò? Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí wọ́n fi kọ ìwé náà, àmọ́ tí aago méjì ọ̀sán bá ti ń sún mọ́lé, ohun tó bá ti dé ẹnu Mildred ní Yorùbá ló máa ń kọ síbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà nínú fáìlì aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ya àpótí kéékèèké sí fún ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ: ìgbóná ara, mímí, bí ọkàn ṣe ń lù, aago tí a wò ó. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọn, Morádéyọ̀, ló kó o dé láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́. Ó tún lẹ bébà ńlá kan mọ́ ògiri, tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa lò sí, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Mildred gbé kàlẹ́ńdà ìjọ rẹ̀ kọ́ bo bébà náà lójú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tàbùkù ẹnikẹ́ni o. Ìṣó kan ṣoṣo ló wà lára ògiri.

Bí Morádéyọ̀ bá sì kùn sí i, èsì Mildred ti wà lẹ́nu. "Ọ̀gá mi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ṣé Eunice ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù kò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tuntun kan wà níbẹ̀, ọkùnrin, tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Juliet. Ìdájí ni Juliet bí i, ọmọ àkọ́kọ́ ni. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ìyá Juliet tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gideon gbé ọmọ lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́ mọ́ fínífíní bí àṣà àwọn àgbà, ó sì gbé e padà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tí Mildred fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ ọ̀hún tutù. Ọmọ náà kò sunkún, kò tapá, kò tasẹ̀. Mildred ní kí òun wá tẹmọ́mítà tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ló wà, dúrọ́ọ̀ ọ̀hún sì máa ń há. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí. Lucas tún fọn fèrè.

Mildred ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Eunice yóò bá òun fi aṣọ bò ó. Ó fa ìwé ńlá mọ́ra, ó kọ ọ́ báyìí:

*Ọmọ Juliet: ara tutù. Jẹ́jẹ́ ló wà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.*

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Eunice tó ń gbọn agbòjò.

"Àǹtí Mildred, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ká jọ yí wọ́ọ̀dù ká."

"Yí kí ni ká? Òjò ń bọ̀! Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀."

Ó gun ọ̀kadà Lucas, ó lọ.

Òjò bá wọn kí wọ́n tó dé gáréèjì. Mildred sá sábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tó ń ta púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ọkọ̀ Òde-Ìrèlè, níbi tí ilé rẹ̀ wà, kò tíì kún. Ó dúró sọ́tùn-ún, ó sún sósì. Nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni. Òtútù ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó fi síkẹ́ẹ̀tì nu ọwọ́, ó fọwọ́ pa ọwọ́, kò kúrò. Ṣé òun sọ fún Eunice pé kó fi aṣọ bo ọmọ? Òun kò sọ. Ṣé òun kọ ọ́? Òun kọ ọ́. Kí ni òun tilẹ̀ kọ?

Ó pe Eunice lórí fóònù. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ìyá, ẹ jókòó ná," oní-púpurú wí. "Ẹ ti tẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì."

Ìgbà náà ni ẹnì kan pariwo láti òdìkejì gáréèjì. "Nọ́ọ̀sì mi! Nọ́ọ̀sì mi àtàtà!"

Ìyá Gideon ni. Ó da ọ̀rá borí, ó ń sáré bọ̀ nínú òjò, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Mildred ní, "Ìyá Gideon? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"À ń lọ ulé ni o! Nọ́ọ̀sì kejì ní ká máa lọ sí ìlú wa ní Osooro. Ó ní ẹ ti kọ ọ́ síwèé pé ara ọma ti tutù, jẹ́jẹ́ ló wà. Mo ní ẹ ò rí i? Ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni! Olúwa á tu ẹ̀yin náà lára."

 Àdúrà ni ìyá yìí ń ṣe fún un, ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba ìgbátí ló rí létí rẹ̀.

"Ọmọ náà dà?"

Juliet jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù, ó gbé ọmọ dání nínú ṣọ́ọ̀lù tí òjò ti ta sí. Mildred ki ọwọ́ bọ abẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ tutù. Ọwọ́ tutù. Ó kan ikùn. Ikùn náà tutù.

"Juliet, ìgbà wo ló mu ọyàn kẹ́yìn?"

"Láàárọ̀ ni, Mà, kí Màámi tó wẹ̀ ẹ́. Látìgbà yẹn, ó kàn ń sùn ni. Mo fi ọyàn sí i lẹ́nu, kò fà á. Màámi ní ọmọ dáadáa ni, kì í da ìyá ẹ̀ láàmú."

"Ọmọ tí kò dààmú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ló yẹ ká dààmú lé lórí!" Mildred kò mọ̀ pé òun ti pariwo. "Bọ́ ṣọ́ọ̀lù yẹn. Bọ́ ọ, ó ti tutù. Ṣí àyà rẹ."

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fi ìborùn gbígbẹ nu ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sáyà ìyá rẹ̀ lásán, ara kan ara. Ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi ṣe fìlà fún ọmọ. Ó bọ́ kádígàn rẹ̀, ó fi wé àwọn méjèèjì papọ̀. Ìyá Gideon dúró gbagidi, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti tutù?"

Mildred yíjú sí títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan wà nítòsí. Oníkẹ̀kẹ́ ní èrò kan ṣì kù kí òun tó gbéra. Mildred ti ti Juliet àti Ìyá Gideon wọlé, ó ti jókòó tì wọ́n. "Wà á lọ! Ilé ìwòsàn! Wà á!"

Ọ̀nà náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ara bá ń ta èèyàn ni gbogbo kòtò máa ń jinlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wọ inú omi, ó húkọ́, ó fẹ́ẹ̀ kú, ó tún jí. Mildred ń ka èémí ọmọ náà. Ó ń kà á, ó ń ṣìṣe, ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nígbà tí wọ́n dé, ó gba ẹ̀gbẹ́ Eunice kọjá lọ síbi dúrọ́ọ̀ tó há. Ó fà á. Kò ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì, ó fà á tokunratokunra. Gbogbo dúrọ́ọ̀ jáde wọ̀ọ̀, bírò, òwú àti sísọ́ọ̀sì fọ́n ká ilẹ̀. Ó mú tẹmọ́mítà, ó fi há ọmọ lábíyá.

Nígbà tó dún, Eunice ló kà á jáde. "34.8."

Ó ti kéré jù. Eunice mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí. Mildred náà mọ̀ ọ́n.

"Eunice, kí ló dé tó o fi jẹ́ kí wọ́n lọ?"

"Èmi kẹ̀? Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó ti gbádùn!"

"Mi ò kọ bẹ́ẹ̀! Mo kọ pé ara rẹ̀ tutù!"

"Kí ni ara tutù bí kò ṣe pé ibà ti lọ?"

Ariwo wọn ló mú Ọ̀gá nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ jáde nínú ọ́fíìsì. Ó wo ọmọ, ó wo tẹmọ́mítà, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹjọ́ lè dúró, ọmọ kò lè dúró. Eunice, ti gbogbo fèrèsé. Mildred, wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, kí o sì jẹ́ kó wà láyà ìyá rẹ̀. Juliet, fún wàrà ọyàn rẹ díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ tónítóní yìí. Mo ń pe ọkọ̀ kó wá gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa. Ọmọ tó tutù tó báyìí tí kò sì mu ọyàn, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́ lára. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i."

Ó fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́ tí ìlànà ní kí wọ́n fún un kó tó gbéra. Ọkọ̀ ní òun yóò dé láàárín ìdajì wákàtí. Inú ìdajì wákàtí yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Morádéyọ̀ ṣí ìwé ńlá. Ó ka ohun tí Mildred kọ, ó sì yíjú sí ìyá àgbà.

"Ìyá Gideon, tí wọ́n bá ní ara ọmọ ti tutù, kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé àlàáfíà ti dé," ìyá náà wí, omijé ti ń bọ̀. "Ara tútù kò dáa ni? Òun ṣáà là ń tọrọ."

"Eunice, ìwọ ńkọ́?"

Eunice nàka sórí ìlà tí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kọ. "Ẹ wò ó, Mà. Lókè yìí, ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kọ 'ara gbóná díẹ̀'. Nísàlẹ̀, Àǹtí kọ 'ara tutù'. Mo rò pé ibà ló mú un lóru, tó sì ti lọ."

"Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò rí ibà kankan," Morádéyọ̀ wí. "Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ara ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ. Mildred, ìwọ ńkọ́?"

Mildred ń wo ilẹ̀, níbi tí bírò àti òwú fọ́n sí. "Mo fẹ́ sọ pé òtútù ń mú un. Kí Eunice tètè mú un móoru."

"Ọ̀rọ̀ kan, èèyàn mẹ́ta, ìtumọ̀ mẹ́ta. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló lè gba ọmọ là, inú rẹ lo sì gbé e lọ sí gáréèjì."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mildred wọ eegun. Kò jà á níyàn. Ó kàn ní, "Ọ̀gá mi, Yorùbá tí mo fi kọ ọ́ ló fà á."

"Rárá o. Má di ẹ̀bi ru èdè wa. Bó o bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ ń ṣe jẹ́jẹ́, bákan náà ni. Ọ̀rọ̀ tí a kò jọ fẹnu kò lé lórí ló jẹ̀bi."

Morádéyọ̀ lọ síbi ògiri, ó gbé kàlẹ́ńdà ìjọ kúrò lórí ìṣó. Bébà náà yọ, ó mọ́ kedere bí ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, nítorí oòrùn kò rí i rí.

"Ẹ wò ó. Ìgbóná ara ọmọ tuntun, láti 36.5 dé 37.5, dáadáa ló wà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ gbóná jù. Bó bá dín sí i, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára, haipotẹ́míà ni gbogbo nọ́ọ̀sì àti dókítà ń pè é. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn ní Òkìtìpupa tàbí ní Kánò, ohun kan náà ni yóò yé e. Ìdí tí wọ́n fi ní ká jọ máa lo ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn. Kì í ṣe láti fi ṣe ọ̀mọ̀wé. 'Jẹ́jẹ́ ló wà' kò sí níbí. Ohun tó wà níbí ni: ṣé ó ń mu ọyàn? Ẹ̀ẹ̀melòó? Ṣé ó ń jí bí a bá fọwọ́ kàn án?"

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀..." Mildred bẹ̀rẹ̀.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dára láàárín àwọn tó jọ jókòó tí wọ́n ń wojú ara wọn. Ìwé kò lójú tó o lè wò. Nígbà tí Eunice ń ka tìrẹ, o ti lọ."

Ìyá Gideon ń fi ìborùn nujú. "Ọṣẹ àti omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́, ṣé òun ló ṣe é? Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ọma mi?"

Morádéyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ò mọ̀ ni, Ìyá, a ò sì sọ fún yín. Ó yẹ kó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ẹ tó wẹ ọmọ tuntun. Ẹ kàn nu ún gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e sáyà ìyá rẹ̀."

Wọ́n tún ọmọ wọ̀n: 35.6. Ọkọ̀ dé. Morádéyọ̀ na bírò sí Mildred. "Kọ lẹ́tà tí mo máa mú lọ fún dókítà. Kọ ọ́ bíi pé o kò ní sí láyé mọ́ láti ṣàlàyé rẹ̀."

Mildred kọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ àti aago tí wọ́n bí ọmọ, haipotẹ́míà, 34.8 ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 35.6 ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú, abíyá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kò mu ọyàn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, orúkọ abẹ́rẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, aago tí wọ́n gún un. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fọwọ́ sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, Mildred rò ó nínú ara rẹ̀, bí ọkọ̀ ti ń jáde ní géètì.

Kò rí oorun sùn mọ́jú. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní wọ́ọ̀dù, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Gideon ni.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ yọ̀ fún mi o! Ara ọma ti gbóná!"

Mildred dúró lójú kan. "Gbóná? Gbóná báwo? Ìyá, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní mẹ́rìndínlógójì ó lé díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn ńkọ́, Ìyá? Èló ni díẹ̀?"

Ìyá Gideon pòṣé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Juliet, gba fóònù yìí, wá ka nǹkan fún nọ́ọ̀sì rẹ!"

Ohùn Juliet dé, ó rọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. "36.8 ni, Mà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ti mu ọyàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Dókítà ní lẹ́tà yín kò jẹ́ kí àwọn fi àkókò ṣòfò rárá."

Mildred jókòó sórí àga, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó nujú, ó jáde lọ ra ìṣó kan. Òun ló fi kọ́ kàlẹ́ńdà ìjọ rẹ̀ sí ògiri kejì.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìgbóná ara nígbà tí tẹmọ́mítà wà. Ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ aago, ẹ lo orúkọ tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ yín mọ̀ fún àìsàn. Ọ̀rọ̀ ìnagijẹ tàbí ìkékúrú tí ẹ̀yin nìkan mọ̀, ẹ má kọ ọ́ sí fáìlì. Bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ fún ara yín, ẹ jọ yí ká ibùsùn aláìsàn. Òjò á dá.

Ẹ̀yin ìyá, bàbá àti ẹbí, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé, ẹ bèèrè: "Èló ni ìgbóná ara rẹ̀? Aago wo lẹ wọ̀n ọ́n?" Kì í ṣe àrífín, ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ọmọ tuntun bá tutù níkùn, tó ń sùn ṣáá, tí kò mu ọyàn, ẹ má pè é ní ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹ gbé e sáyà ìyá rẹ̀ ní ara kan ara, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ la fi ń bá ọmọlúàbí sọ̀rọ̀. Bó bá kan aláìsàn, odidi ni kí ẹ kọ.